Omi Inú Agolo

Kò sí iyọ̀ ní ilé ìdáná Bọ́láwùmí. Kì í ṣe pé ó tán. Ó lé e jáde ni. Látìgbà tí dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ṣeré mọ́, ó kó iyọ̀, ó kó amọ́bẹ̀dùn, ó kó gbogbo ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn kúrò lórí pẹpẹ, ó sì sọ fún gbogbo ará ilé pé oúnjẹ kan náà ni wọn yóò jọ máa jẹ, kí Màmá má baà rò pé òun nìkan ni wọ́n ń fìyà jẹ. Akíndúró ọkọ rẹ̀ gbà láìjiyàn, nítorí ọ́fíìsì ló ti ń jẹun ọ̀sán ní Sẹkitéríàtì, lọ́dọ̀ olóúnjẹ tí kò bìkítà nípa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìrètíolúwa ọmọ wọn ń fi ẹ̀pà oníyọ̀ pamọ́ sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Bọ́láwùmí nìkan ló ń jẹ ẹ́ bó ṣe wà, ọbẹ̀ tó tẹ́ bí omi òjò, láàárọ̀ àti lálẹ́, tí kì í sì í rojú.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn fi dùn ún wọra.

Màmá ń jáde bọ̀ láti balùwẹ̀ ni. Ó di ògiri mú, ó ní ilé ń yí òun, ó sì rọra wálẹ̀ títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Bọ́láwùmí sáré jáde láti ilé ìdáná, ọṣẹ tó fi ń fọ àwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá! Kí ló dé? Ẹ wò mí, ẹ wo ojú mi!"

"Má pariwo," ni Màmá wí. "Orí mi ló ń lù gbì-gbì. Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn aráalé gbọ́."

Àwọn aráalé ti gbọ́. Nínú ilé onífúlátì tí wọ́n ń gbé ní Agbowó, bí ẹnì kan bá sín ní ìsàlẹ̀, ẹni tó wà lókè á kí i pẹ̀lẹ́. Ìyá Mujeeb, aránṣọ tó ń gbé ní fúlátì ìsàlẹ̀, ti gun àtẹ̀gùn dé pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Òun ló di apá kejì Màmá mú. Akíndúró ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ káàkiri pálọ̀, ó rí i, ó dé ẹnu ọ̀nà, kó tó rántí pé ọkọ̀ náà ò ní epo nínú, pé ó ti pẹ́ tó ti ní epo nínú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé Màmá lọ sí Bódìjà. Ní gbogbo kòtò tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí, Màmá á di etí ìró rẹ̀ mú ṣinṣin, níbi tó so kọ́kọ́rọ́ kan mọ́. Orí ló ń dùn ún, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ló dì mú.

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré ni wọ́n gbé e lọ. Bẹ́ǹṣì kún. Bàbá kan tó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì ń ṣàlàyé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ti ń gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun sí méjì, òun ń lo ìdajì lónìí, òun á fo ọ̀la, kó lè tọ́jọ́. Bí ẹni tó ń royìn ọgbọ́n ló ṣe sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí, nítorí pé gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn ló mọ iye tí oògùn dà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlú tí arúgbó ti ń fi abẹ ìfárí gé ẹ̀mí ara rẹ̀ sí méjì, a sì ń kí ara wa pé ẹ kú ìfaradà.

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá Màmá, ó tún un wọ̀n, ó sì jáde lọ pe dókítà. Dókítà Oyèkànmí jẹ́ obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ Màmá. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn, kò sì tètè padà sípò.

"Ta ló ń se oúnjẹ Màmá?"

"Èmi ni, dókítà."

"Ẹ ń lo iyọ̀."

"Mi ò lò ó. Kò tilẹ̀ sí iyọ̀ ní ilé ìdáná wa."

"Oògùn wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ń lò ó déédéé. Ojú mi báyìí ni wọ́n ń gbé e mì."

Dókítà nu ọwọ́. "Ìyáàfin, omi ló dúró sínú ẹsẹ̀ yìí, iyọ̀ ló sì ń dá omi dúró sára. Màmá ń jẹ iyọ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa. Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń fún wọn o. Mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́. Kí ni wọ́n jẹ láti àná?"

Bọ́láwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ògì, ìrẹsì díẹ̀, ẹja tútù tí òun bọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, mọ́ín-mọ́ín kékeré kan nítorí pé apá ò ká ẹ̀wà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. "Àti ẹ̀fọ́," ó ní, "láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Ẹ̀fọ́ dára," ni dókítà wí, ó ń kọ̀wé. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́."

Bọ́láwùmí yíjú sí Màmá pé kó wá gbe òun lẹ́sẹ̀, kó sọ pé lóòótọ́ ni, pé ìyàwó òun kì í fi iyọ̀ sí nǹkan. Màmá ń wo fáànù àjà tí kò yí. Ó wò ó títí bí ẹni pé ó ń retí kó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí Màmá dúró di ọ̀sán kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Bọ́láwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ na fóònù sí i. Ojú Àǹtí Tómi ló wà nínú fóònù, Tómilọ́lá, ẹ̀gbọ́n Akíndúró tó wà ní Kánádà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, fìlà tó fi sùn ṣì wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún.

"Bọ́lá, kí lò ń fi sínú oúnjẹ màmá mi?"

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Akin ti sọ ohun tí dókítà wí fún mi. Iyọ̀! Èmi tí mo wà lókè òkun níbí, ẹ̀fọ́ ni mò ń rà ránṣẹ́, páálí-páálí, mò ń sanwó ọkọ̀ ojú omi lé e lórí. Ìwọ tí o wà nílé pẹ̀lú wọn, iyọ̀ lò ń fún wọn."

"Àǹtí, ẹ gbọ́ mi ná."

"Mi ò gbọ́. Tíṣà oúnjẹ ni ẹ́, àbí ẹlòmíràn ni? Ìwọ lò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lóhun tí wọ́n á jẹ. Tó bá jẹ́ ẹni tí ò mọ̀ ni, mà á ní kò mọ̀. Ìwọ mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba ibi tó dùn ún jù. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni Bọ́láwùmí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Baṣọ̀run, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan wà ní Ring Road," ni Àǹtí Tómi ń bá a lọ. "Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á wá gbé Màmá. Kí n má baà gbọ́ nǹkan mìíràn láti ilé yẹn."

Bọ́láwùmí wo ọkọ rẹ̀. Akíndúró ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Bàbá Ìrètí, ṣé ẹ ò ní nǹkan kan sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀," ó ní.

Bọ́láwùmí fi fóònù lé e lọ́wọ́ padà. Kò sunkún. Bí ó bá sunkún níbẹ̀, wọn á ní ẹ̀rí ọkàn ló ń bá a jà. Ó ronú kan Màmá nínú yàrá àjèjì kan ní Ring Road, láàárín àwọn tí kò mọ̀ pé ó ní láti gbọ́ orin ìsìn kó tó lè sùn. Ó tún ronú kan ara rẹ̀, ẹni tí gbogbo ẹbí ọkọ yóò máa tọ́ka sí títí láé pé òun ló fi iyọ̀ lé ìyá jáde nílé. Ọjọ́ Ajé kò jìnnà. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ jókòó ti ìyá rẹ̀, òun ń lọ sílé.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Màmá ń jẹ iyọ̀. Mò ń lọ wá ibi tó wà."

Lẹ́nu géètì ní Agbowó, àwọn obìnrin mẹ́ta tó dúró ti ẹ̀rọ omi dákẹ́ bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n béèrè Màmá, wọ́n ní Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Mujeeb fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e dé ìdí àtẹ̀gùn.

"Tíṣà, èmi ò gbà á gbọ́ o. Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ ni. Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́ láti máa tọ́jú ìyá náà ni o."

"Àwọn wo ni wọ́n?"

Ìyá Mujeeb ń yí tépù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka. "Àwọn èèyàn ṣá."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n mú sùúrù fún mi di ìrọ̀lẹ́."

Ó wọlé, ó fọwọ́, ó kó gbogbo ohun tí Màmá ń jẹ sórí tábìlì ilé ìdáná. Kò sí ohun tí kò tọ́ wò. Ó lá ògì gbígbẹ. Ó bu omi mímu sẹ́nu, ó gbọ̀n ọ́n káàkiri ẹnu, ó tu ú dànù. Ó jẹ ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò, ó fà lára ẹja, ó tọ́ ata lílọ̀ wò nínú fíríìjì. Ó mú búrẹ́dì. Búrẹ́dì ní iyọ̀ díẹ̀, ó yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni Màmá ń jẹ, ìyẹn kò sì lè wú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìrètíolúwa dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ti yí lórí.

"Mọ́mì, ebi ń pa yín ni?"

"Rárá. Gbé ẹ̀pà tó wà nínú báàgì ẹ wá."

Ojú ti ọmọ náà. Ó gbé e wá. Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá ó ti fún ìyá àgbà jẹ rí, ó ní rárá, ó fi Bíbélì búra, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Tábìlì ti kún fún ṣíbí, kò sì sí iyọ̀ kankan níbẹ̀ tó tó ohun tí dókítà rí.

Ohun kan ló kù, yàrá Màmá ló sì wà.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ agolo ṣe rí nílé náà. Gíríìn bíìnsì ni Àǹtí Tómi ń fi ránṣẹ́, ewébẹ̀ gígùn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì dì sínú agolo, irú èyí tí àwa ń gé sínú ìrẹsì díndín nígbà ọdún. Dókítà ní kí Màmá máa jẹ ewébẹ̀, Àǹtí Tómi sì gbọ́, ó ra ewébẹ̀ ìlú tó wà. Ọjọ́ tí páálí àkọ́kọ́ dé, Bọ́láwùmí fi agolo kan se ìkòkò ìrẹsì ńlá fún gbogbo ilé, adùn rẹ̀ kò sì hàn níbẹ̀. Àǹtí Tómi gbọ́ lórí fóònù, ó ní, "Ti Màmá ni mo rà o, n kò rà á fún odindi Agbowó." Látọjọ́ náà, Bọ́láwùmí ò fọwọ́ kan agolo mọ́, kò sì fi ahọ́n kàn án. Ó ní bí òun bá tún sún mọ́ ọn, kí wọ́n pe òun ní olè. Màmá kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ̀, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i tó sì ń jẹ ẹ́. Báyìí ni àárín àwọn tó fẹ́ràn ìyá kan náà ṣe rí.

Èyí tí Màmá ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀, ewébẹ̀ ti dín kù, omi rẹ̀ ṣì kù dé ìdajì. Bọ́láwùmí dúró tì í. Ìgbéraga rẹ̀ ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó gbé e. Ó gbé agolo náà sẹ́nu bí ife, ó sì mu ún.

Iyọ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ tó ti gbàgbé iyọ̀ sún kì. Ó gbé e mì, ó tún mu díẹ̀ kó lè dá a lójú, ó sì fi ara ti bẹ́ẹ̀dì Màmá jókòó sílẹ̀.

Ó yí agolo náà, ó wá ibi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti máa kà kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fi pamọ́. Ó ṣe ìṣirò lọ́kàn. Nínú gbogbo iyọ̀ tí wọ́n ní kí Màmá má kọjá lóòjọ́, agolo kan péré ti gbà ju ìdajì lọ. Bẹ́ẹ̀ Màmá ń jẹ ọ̀kan láàárọ̀, ó ń jẹ ọ̀kan nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú un jókòó pẹ́ sílẹ̀. Ohun kan ló rántí. Lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yìí, Màmá ń ṣẹ́ omi agolo dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òun ni ó dúró, tó kápá mọ́ àyà, tó fi ohùn tíṣà sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà láìwọlé: "Màmá, ẹ má da omi yẹn nù o. Inú ẹ̀ ni fítámì wà."

Bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní kíláàsì, òótọ́ sì ni, tó bá jẹ́ ti tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí èèyàn bọ̀ nílé. Ẹni tó bọ ẹ̀fọ́ tó da omi rẹ̀ nù ti da nínú oore rẹ̀ nù. Ó ti fi ìmọ̀ gidi sí ibi tí kò yẹ, nítorí pé kò fẹ́ tẹ̀ síwájú ìgbésẹ̀ kan kó ka ara agolo. Ojú tì í gan-an. Ó jẹ́ kó tì í dáadáa, lẹ́yìn náà ó dìde.

"Ìrètí, bá mi mú asẹ́ wá."

Ó da ìyókù ewébẹ̀ náà sínú asẹ́. Ó jẹ́ kí omi iyọ̀ ro lọ. Ó bu omi tútù lé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún bu omi lé e, ó wá mú ẹyọ kan sẹ́nu. Iyọ̀ náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó ti lọ púpọ̀. Ohun tó kù jẹ́ ewébẹ̀ rírọ̀ kan lásán, tí agolo ti gba díẹ̀ nínú fítámì rẹ̀, àmọ́ tí ó ṣì ní fọ́nrán tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ lọ geere, tó sì ṣì lè ṣe àgbà lóore. Kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe oògùn. Kò sì lè gba ipò ẹ̀wà tí apá wọn ò ká mọ́. Ó bínú sí agolo náà, ó bínú sí páálí tó ti òkè òkun wá, ó bínú sí ìlú tí ṣọkọ fi wọ́n ní Bódìjà débi pé ohun tó gun ọkọ̀ ojú omi dà bí ìgbàlà. Ara rẹ̀ ló wá bínú sí gbẹ̀yìn, níwọ̀nba, nítorí iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ọ̀sán ti rọ̀ nígbà tí Akíndúró mú Màmá dé. Ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀, dókítà ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Mujeeb àti àwọn obìnrin ẹ̀rọ omi bá wọn gun àtẹ̀gùn dé pálọ̀, wọ́n ní àwọn wá kí Màmá. Bọ́láwùmí fún wọn ní ìjókòó. Ó tẹ́ Màmá sórí àga ìnàyìn, ó gbé agolo òfìfo náà sórí tábìlì tó wà níwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Màmá, mo mu omi inú ẹ̀."

Màmá wo agolo náà.

"Iyọ̀ ni, Màmá."

Ìyá Mujeeb na ọrùn wo inú agolo náà. Akíndúró ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó gbójú sókè nìyẹn lọ́jọ́ náà.

"Màmá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé iyọ̀ ni?" ni Bọ́láwùmí béèrè.

Ìyá àgbà náà fi ìka pa etí ìró rẹ̀ lára, níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Opó kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò pa irọ́ rí tí kò bá pọn dandan. "Mo mọ̀," ó ní.

Ó wo Bọ́láwùmí lójú.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ẹnu mi ti kú nílé yìí, Ìyá Ìrètí. O ń gbìyànjú, mo rí i, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tẹ́. Omi yẹn nìkan ló ń dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí o wá fi ẹnu ara rẹ sọ pé kí n má dà á nù, inú mi dùn. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi." "Tómi ló sì fi ránṣẹ́. Bí mo bá ṣí ọ̀kan, ó máa ń dà bí ẹni pé ó wọlé wá bá mi jẹun."

"Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ láàárọ̀ yìí," ni Bọ́láwùmí wí. "Ẹ gbọ́ ohun tí Àǹtí sọ sí mi. Ẹ dákẹ́."

"Mo dákẹ́," ni Màmá wí. Omi yọ lójú rẹ̀.

Fóònù Akíndúró bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń pè. Ó gbé e, ó fẹ́ fún ìyá rẹ̀, ó tún mú ọwọ́ padà, ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé Màmá lọ síbì kankan lọ́jọ́ Ajé." Ó wá fi fóònù sí iwájú ìyá rẹ̀ kíá, kí ìgboyà rẹ̀ tó tán.

"Màmá! Báwo lara? Kí ni Akin ń sọ?"

"Tómilọ́lá, gbọ́ mi. Iyọ̀ wà nínú nǹkan tí ò ń fi ránṣẹ́. Ó pọ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀, mo sì ń mu ún. Ìyàwó yìí ò fún mi níyọ̀ rí. Bẹ̀ ẹ́."

"Iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀fọ́?"

"Ka ara agolo," ni Màmá wí.

Bọ́láwùmí lè jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n ti dá a láre níwájú gbogbo ilé, Ìyá Mujeeb á sì ti gbé e dé ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ fóònù. "Àǹtí, èmi náà ní tèmi níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí Màmá máa mu omi ẹ̀. Mi ò ka ara agolo náà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí mi níjọ́sí ń bí mi nínú. Mo jẹ́ kí ìbínú pọ̀ ju ìtọ́jú lọ. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n Màmá ò ní kúrò nílé yìí, láti òní lọ, kò sì sí ohun tó máa wọ ẹnu wọn tí n kò ní tọ́ wò, ẹni yòówù kó rà á."

Wọ́n rí Àǹtí Tómi tó bo ojú nínú fóònù, fìlà tó fi sùn ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tó fèsì, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

"Kí ni kí n wá máa fi ránṣẹ́ báyìí?"

Màmá ló dá a lóhùn.

"Ìwọ wá."

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, Màmá tú etí ìró rẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Bọ́láwùmí. Agolo ṣì pọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bọ́láwùmí kò dà wọ́n nù. Ìlú kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ọ̀kan, ó ro omi rẹ̀ dànù pátápátá, ó ṣan ewébẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gé ata rodo sí i, ó gé àlùbọ́sà, ó gbé e kaná, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan sí i lórí, ó sì fọ́ ẹyin kan mọ́ ọn kí ó lè ní ohun tí ń gbé ara ró. Òórùn rẹ̀ gba ilé. Ìrètíolúwa gbé àwo tirẹ̀ wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é, kò sì mú ẹ̀pà dání.

Bọ́láwùmí gbé ti Màmá síwájú rẹ̀. Ìyá àgbà náà mú ṣíbí, ó gbé e padà sílẹ̀.

"Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí n rí ọ," ó ní.

Akíndúró yíjú, nítorí ní ilé mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá jẹ́ ìjà. Bọ́láwùmí bu ṣíbí kan níwájú gbogbo wọn, ó jẹ ẹ́, ó rọra jẹ ẹ́ dáadáa.

"Kò níyọ̀, Màmá."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí, ó sì gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.